Omi Tó Ń Sun Lára Wàrà

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá tí oko wọn fẹ̀gbẹ́ kan tèmi lọ́nà Ìpẹru wá kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mi. Mo rò pé wàrà ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn. A gba ẹ̀yìn yọ, wọ́n sì fi ọ̀pá ọwọ́ wọn tọ́ka síbi tí kòtò omi tí mo gbẹ́ parí sí. Ata tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ti kú. Koríko ti pọ́n bí ẹni pé omi gbígbóná ni wọ́n yí lé e lórí, eṣinṣin sì bo ojú ilẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ilẹ̀ yìí ò lè mu ohun tí ẹ ń dà sí i yìí mọ́."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò tilẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ojú tì mí.

Omi wàrà ni mo ń dà síbẹ̀. Ẹni tó bá ti se wàrà rí mọ̀ ọ́n: omi tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tó máa ń yà sọ́tọ̀ nígbà tí mílíìkì bá ti dì. Nínú 10 lítà mílíìkì, ṣíìsì tí mo ń rí kì í ju bíi kílò kan lọ. Ìyókù, tó tó lítà mẹ́sàn-án, omi ni. Lọ́jọ́ tí mílíìkì bá pọ̀ ní gáà, 150 lítà ni mo máa ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mo ń fowó rà á, mo ń fi gáàsì gbóná rẹ̀, mo wá ń da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí kòtò, mo sì ń fi ìyẹn pa ata bàbá arúgbó.

Omi la ń pè é torí pé ó jọ omi. Lóòótọ́, bíi 93 sí 94 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni omi. Ṣùgbọ́n ṣúgà mílíìkì, tí wọ́n ń pè ní lactose, kó bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Purotéènì ò pé 1, iyọ̀ àti kálísíọ́ọ̀mù náà ò pé 1. Ṣúgà yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí nínú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n á máa fa ọ́síjìn inú omi náà tán. Odò tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá wọ̀, ẹja ibẹ̀ ò ní rí èémí mí. Wọ́n máa ń wọn iye ọ́síjìn tí omi ìdọ̀tí máa gbà. Ti omi tó ń ti ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wá jẹ́ bíi 200 sí 400 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ti omi wàrà jẹ́ 30,000 sí 50,000. Ìgbà tí mo rí nọ́ńbà yìí ni mo mọ̀ pé gbèsè tí mo jẹ ju ti ata lọ. Kànga tí a ń pọn mu ò jìnnà síbẹ̀.

Ògì ni Màámi ń ṣe tà n'Íjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé kò ṣeé sẹ́ ni?" Mo dá wọn lóhùn pé ohun tó ti yọ́ sínú omi, Màámi, ẹnì kan ò lè sẹ́ ẹ. Ta ló sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ rí? Wọn ò bá mi jiyàn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè wọn yè kooro, ìdáhùn tèmi ni kò tọ̀nà.

Asẹ́ tó ń sẹ́ ohun tó ti yọ́ wà. Awọ tín-ín-rín ni, membrane lorúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ṣe irú rẹ̀ kan kí omi òkun lè di mímu. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn tó ń ṣe ṣíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn sẹ́ omi wàrà. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni micron. Irun orí wa nípọn tó bíi 70 micron. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi jù nínú wọn ni microfiltration, tí ihò rẹ̀ kì í ju micron mélòó kan lọ. Ọ̀rá àti bakitéríà ló ń dá dúró. Ti ultrafiltration kéré débi pé purotéènì gan-an ò lè kọjá, àmọ́ ṣúgà àti iyọ̀ á bá omi lọ. Nanofiltration á dá ṣúgà dúró, á jẹ́ kí díẹ̀ nínú iyọ̀ lọ. Reverse osmosis ni ìkẹyìn, ohun tí àwọn oníṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ń lò, omi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Ti píọ̀ wọ́tà yẹn ni mo kọ́kọ́ sáré rà. Àlòkù ni, ní Ṣágámù, lọ́wọ́ ẹni tó ti pa ilé iṣẹ́ omi rẹ̀ tì. Mo bi í bóyá ó lè gba omi wàrà, ó ní membrane kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Mo gbé e délé, mo so pọ́ńpù mọ́ ọn, mo da omi wàrà tó ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ sínú rẹ̀. Omi mímọ́ kán jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti pariwo ayọ̀. Kó tó tó ogún ìṣẹ́jú, kíkán rẹ̀ ti ń falẹ̀, ọwọ́ ojú aago tó ń wọn agbára omi ti gòkè dé ibi tó pupa, pọ́ńpù ń ké. Ó dúró pátápátá.

Mo ronú pé bí ohun èlò bá dọ̀tí, bílíìṣì ni a fi ń fọ̀ ọ́. Mo fi bílíìṣì rẹ membrane náà mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, omi ń tú jáde lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fi ife gbà á, mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, ó sì níyọ̀ lẹ́nu. Kò sẹ́ nǹkan kan mọ́. Polyamide, irú ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe awọ reverse osmosis òde òní, kílórìn inú bílíìṣì sì máa ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ pátákó. Omi tó ń tú yàà yẹn, ihò tí mo fọwọ́ ara mi lu ló ń gbà. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún jẹ́ kí ìṣàn omi nìkan mú inú mi dùn. Ohun tí ó ń dá dúró ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Kódà bí mi ò bá tiẹ̀ bà á jẹ́, asẹ́ yẹn kì í ṣe ti iṣẹ́ mi. Àlàfo tó wà láàárín awọ rẹ̀ há, omi lásán ló wà fún, kò sí àyè fún ọ̀rá àti ẹ̀rún wàrà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà àti iyọ̀ inú omi wàrà ń fa omi sọ́dọ̀ ara wọn pẹ̀lú agbára tó tó bíi 7 bar (bar ni òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń ti omi). Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ìyẹn kí ẹ̀kán omi kan tó jáde, bí omi tó kù nínú rẹ̀ bá sì ṣe ń ki sí i ni agbára náà ń pọ̀ sí i.

Àṣìṣe kejì pa mọ́ sínú ìkòkò ju èyí lọ. Lákòókò yẹn, wàrà ewé bòmùbòmù ni mo ń ṣe jù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń ṣe é: a óò gbé mílíìkì kaná, a óò fún omi ewé sí i, a óò sì sè é títí yóò fi hó. Purotéènì tó máa ń bá omi lọ kì í fara da ooru. Bí ooru bá ti kọjá bíi 70 dígírì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, púpọ̀ nínú purotéènì tí mo ń wá kiri nínú omi ti wà nínú wàrà tí mo tà fún àwọn èèyàn láná, wọ́n ti dín in, wọ́n ti jẹ ẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ti di ẹ̀rún wẹ́wẹ́, òun ló lẹ̀ mọ́ awọ náà bí ògì ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ti ṣíìsì onírennet (rennet ni èròjà tó ń mú mílíìkì dì láìsè é) yàtọ̀. Ooru ara èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí a fi ń mú un dì lọ, nítorí náà purotéènì inú omi rẹ̀ ṣì wà láàyè. Mo bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Omi wàrà bòmùbòmù ò gbọ́dọ̀ fara kan asẹ́ mi mọ́ láé. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bí ẹ ṣe ń se mílíìkì yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì ló bá mi ra ultrafiltration tí wọ́n dìídì ṣe fún mílíìkì. Wọ́n ká awọ náà yí ara rẹ̀ bí ẹní tí a ká, àlàfo inú rẹ̀ sì fẹ̀. Màámi wá síbi tí a ti ń tò ó. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n bi mí pé, "Ta ni yóò máa ro ó?"

Ẹ ò ní lóye ìbéèrè yẹn bí ẹ kò bá tíì sẹ́ ògì rí. Bí a bá da àgbàdo lílọ̀ sórí aṣọ, tí a wá káwọ́ gbera, èérí á bo ojú aṣọ, omi ò ní sọ̀ mọ́. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ máa ro ó, kí ojú aṣọ lè máa ṣí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ membrane dá lé. A kì í ti omi wàrà gúnlẹ̀ sórí awọ. A máa ń jẹ́ kó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ojú awọ kọjá, kó pa dà sínú dúrọ́ọ̀mù, kó tún sáré wá. Díẹ̀ á máa gba inú awọ jáde, eré tí ìyókù ń sá á sì máa gbá ojú awọ mọ́. Eré omi ni ọwọ́ tí ń ro ó. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ báyìí, Màámi ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Àmọ́ ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Tí iná bá lọ, tí a ò tètè tan jẹnẹrétọ̀, omi á dúró sójú kan nínú rẹ̀, purotéènì á sì dì mọ́ ojú awọ. Tí mo bá fẹ́ kí ó yára, tí mo tẹ agbára rẹ̀ ga, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò yára lóòótọ́, lẹ́yìn náà yóò falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé mo ti tẹ purotéènì mọ́ ojú awọ. Mo ti wá mọ̀ pé agbára díẹ̀ pẹ̀lú eré púpọ̀ ló sàn. Bíi 3 bar ni mo ń lò.

Iṣẹ́ tó ṣáájú asẹ́ ń gba àkókò ju asẹ́ lọ. A máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ̀rún ṣíìsì kúrò, a máa fi ẹ̀rọ alọ́wọ́yí ya ọ̀rá sọ́tọ̀ (ọ̀rá yẹn ni mo fi ń ṣe bọ́tà), a máa gbóná omi náà kó má baà kan, a sì máa sẹ́ ẹ ní 50 dígírì gan-an. Ní Rẹ́mọ níbí, omi tó bá wà ní 30 dígírì ti di ibùgbé kòkòrò. Wákàtí mẹ́ta péré, ó ti ń kan. Yálà kó tutù rinrin tàbí kó gbóná dáadáa, èyí tó wà láàárín ò dára.

Ìfọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fọkàn sí jù, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Bí a bá parí, lójú ẹsẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á kọ́kọ́ ṣàn gba inú rẹ̀ títí yóò fi mọ́ kedere. Kọ́sítíìkì sódà tí a ti pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tẹ̀lé e, pH rẹ̀ (nọ́ńbà kékeré ni ti ohun kíkan, ńlá ni ti kọ́sítíìkì) ò gbọ́dọ̀ kọjá 11, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òun ló ń tú ọ̀rá àti purotéènì. A óò ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì, tèmi ni citric acid, pH bíi 2, fún kálísíọ́ọ̀mù tó dì mọ́ ọn bí ìpẹ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Kọ́sítíìkì ò lè tú kálísíọ́ọ̀mù, ásíìdì ò lè tú ọ̀rá, ẹ má ṣe fo ọ̀kan. Polyethersulfone, ike mìíràn, ni wọ́n fi ṣe tèmi, ìyẹn lè gba kílórìn díẹ̀ nínú omi kọ́sítíìkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti polyamide ò lè gbà á rárá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí kílórìn àti ásíìdì pàdé. Afẹ́fẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde máa ń pani. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú wà lára ògiri wa, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kì í fọwọ́ kan ìgò.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo máa ń sẹ́ omi lásán, mo máa gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, mo máa fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan, mo sì máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Nọ́ńbà tí mo kọ lọ́jọ́ tí asẹ́ náà ṣì jẹ́ tuntun wà ní ojú ewé àkọ́kọ́. Bí ti òní bá jìnnà sí i, kò tíì mọ́, ohun yòówù tí ojú ìbáà rí. A óò tún un fọ̀.

Ọdún Iléyá kan kọ́ mi ní ìyókù. Ẹgbẹ́ régbérégbé ọkọ mi ń jáde ní Ojúde Ọba, aṣọ ti ṣe tán, gèlè ti ṣe tán, gbogbo wa ń kánjú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ní kí wọ́n fi omi ṣàn án lásán, pé a óò fọ̀ ọ́ dáadáa tí a bá dé. Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn tó pàdé mi ju ti kòtò bàbá lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi fọ membrane yẹn, bẹ́ẹ̀ kò pa dà sí nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Nísinsìnyí, bí a ò bá ní lò ó fún ọjọ́ méjì, a máa fọ̀ ọ́ tán, a óò sì rẹ ẹ́ sínú omi tí a po sodium metabisulphite sí kí kòkòrò má lè gbé inú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sì gbọ́dọ̀ rà.

Ohun kan ya mí lẹ́nu nígbà tí ó wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú 130 lítà omi wàrà, mo máa ń sẹ́ ẹ títí yóò fi ku 13 lítà tó ki, tó funfun díẹ̀, tí purotéènì kún inú rẹ̀. Mo rò pé ṣúgà ti lọ tán, torí pé ṣúgà ń gba inú asẹ́ kọjá. Mo tọ́ ọ wò, dídùn rẹ̀ ò dín! Ó dà mí láàmú, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni inú wọn ń ru bí wọ́n bá mu ṣúgà mílíìkì. Màámi náà ló tún là mí lójú láìmọ̀. Bí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, wọ́n máa ń bu omi lé èérí, wọ́n á tún un sẹ́, torí omi tó kù lára èérí ṣì ní ògì nínú. Bákan náà ló rí. Omi tó kù sínú dúrọ́ọ̀mù, adùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tó ti lọ. Kìkì pé ó kéré. Bí mo bá fẹ́ kí ṣúgà náà dín, màá bu omi mímọ́ sí i, màá tún un sẹ́, bóyá lẹ́ẹ̀mejì. Diafiltration ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Nílé wa, fífọ èérí ni.

Inú yúgọ́ọ̀tì ni mo ń po purotéènì yẹn sí. Tẹ́lẹ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni mo fi ń mú un ki, owó rẹ̀ sì ń gòkè lójoojúmọ́. Èyí tí mo ń rà báyìí ti dín kù gan-an, yúgọ́ọ̀tì náà sì ń dúró dáadáa lórí ṣíbí. Kì í ṣe owó ńlá. Purotéènì inú 130 lítà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pé kílò kan. Ẹni tó bá ń ṣe 20 lítà lójúmọ́, ti òtítọ́ ni mo sọ, kó má ra ẹ̀rọ. Kó wá ọlọ́sìn ẹran tí yóò máa gba omi wàrà rẹ̀.

Ó sì yẹ kí n sọ èyí láìfi bò. Asẹ́ mi ò tíì wẹ omi náà mọ́ fún ilẹ̀. Purotéènì ló yọ. Ṣúgà, tó jẹ́ olórí ẹ̀bi, ṣì wà nínú 117 lítà tó gba inú rẹ̀ jáde. Omi náà mọ́ lójú, ó ń dán, àlejò lè rò pé ó ṣeé dà sí gọ́tà. Kò ṣeé dà. Ìgbà kan wà tí inú mi ń dùn sí bó ṣe mọ́ tó, tí mo fẹ́ dá a pa dà sí kòtò, àfi nígbà tí mo rántí ife omi dídùn tí mo tọ́ wò lẹ́yìn bílíìṣì. Nanofiltration lè kó ṣúgà yẹn jọ, ìyẹn ni mo ń fowó pamọ́ fún.

Kó tó di ìgbà náà, ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ kan láti ọ̀nà Ìlíṣàn ló ń kó o, pẹ̀lú ti bòmùbòmù. Díẹ̀díẹ̀ ló fi kọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ láti máa mu ún, kí ìgbẹ́ gbuuru má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń pè é kí n tó fi rennet sí mílíìkì. Bó bá ní ọkọ̀ òun bà jẹ́, mi ò ní ṣe ṣíìsì lọ́jọ́ náà, yúgọ́ọ̀tì la ó fi gbogbo mílíìkì ṣe.